Búrẹ́dì Kọ́ Ni Ọkọ̀ Náà Ń Pè

Lẹ́yìn tí wọ́n yọ sàlẹ́ńsà àtijọ́ kúrò nídìí ọkọ̀ ọkọ mi, búrẹ́dì ni mo gbọ́ pé ó ń pè. Ìdí ìkòkò ẹ̀wà ni mo wà. Ọkọ mi tẹná lẹ́ẹ̀mejì, ó gbẹ́sẹ̀ kúrò, ohùn ọkọ̀ náà sì lọ sókè, ó tún lọ sókè, ó wá já wálẹ̀: bú-rẹ́-dì. Mo rẹ́rìn-ín, mo ké sí i láti ojú fèrèsé pé, "Tíṣà, ebi ń pa ọkọ̀ yín o." Ó jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n pè láti ẹ̀yìn, tí kò tíì mọ̀ bóyá kí òun wẹ̀yìn.

Ìlú Sókótó ni a wà nígbà náà, ní nǹkan bí ọdún 1982, nínú ilé kan lọ́nà Wamakko. Ọkọ mi ń kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, Malam Oyèlárán ni gbogbo ìlú ń pè é. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni; èmi Adéníkẹ́, ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí. Ọkọ̀ eré ìje ni ọkọ̀ náà, kékeré, pupa, olórùlé aṣọ, ó sì dàgbà ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ. Òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ló tà á fún un. Àpò ẹ̀wà kan kò lè wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ sí Tíṣà létí.

"Ọkọ̀ yìí kò rí èémí mí ni," ó máa ń wí. "Wọ́n dí i nímú, wọ́n tún dí i nídìí."

Ó gbé e lọ bá Sàní, mẹkáníìkì kan ní Kofar Doya tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tí ẹnu rẹ̀ sì tutù. Sàní bá a yọ sàlẹ́ńsà, ó jó páìpù gbọọrọ kan tí inú rẹ̀ fẹ̀ sí ipò rẹ̀. Ó yọ àpótí irin tí fítà tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì wà nínú rẹ̀, ó sì fi fítà tuntun síbẹ̀, èyí tó rí bíi kànrìnkàn tí kò ní ìbòrí. Sàní wá kìlọ̀ pé ìgbà ọyẹ́ ti dé, eruku Sókótó yóò gba inú fítà náà wọlé, yóò sì jẹ ẹ́ńjìnnì. Ó ní kí ọkọ mi wá aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí wọ́n lè fi bò ó.

Odindi àárọ̀ kan ni Tíṣà fi ń dán aṣọ wò. Ó ń gbé wọn sẹ́nu, ó ń mí gba inú wọn. Síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ki jù, aṣọ fèrèsé mi fẹ́lẹ́ jù. Nígbẹ̀yìn, ó lọ mú ìborùn ìyá rẹ̀ nínú àpótí.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ ìborùn yìí. Nígbà tí ara ìyá ọkọ mi kò yá, ó ń ránṣẹ́ sí i láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé kó wá, kí òun rí i. Tíṣà ní kí wọ́n sọ fún un kó ní sùúrù, ìdánwò àwọn ọmọ ló kù. Ìyá kò lè dúró. Kí Tíṣà tó délé, wọ́n ti sin ín, wọ́n ti pín aṣọ rẹ̀, ìborùn kan ṣoṣo ni wọ́n fi pamọ́ dè é. Nítorí náà, nígbà tí mo rí sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ rẹ̀, mo sọ̀rọ̀. Mo ní ẹni tó jogún aṣọ òkú, ó ń fi í bora ni, kì í sọ ọ́ di àkísà.

"Òun nìkan ni èémí ń gbà kọjá dáadáa," ó ní, ó sì gé e.

Láti ìgbà tí wọ́n ti fi ìborùn náà bo fítà ni ọkọ̀ náà ti ń pè. Mo ní búrẹ́dì ni, èmi nìkan ni mo sì ń rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kan tí mò ń jẹun àárọ̀ lọ́wọ́, Tíṣà ní kí n wá gbọ́. Ó tẹná lẹ́ẹ̀mejì, ó gbẹ́sẹ̀.

"Fádípẹ̀," ó ní, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ pátápátá. "O ò gbọ́ ni?"

Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ti kú kí wọ́n tó bí i, ìyá rẹ̀ sì ní Ifá ti fi í ṣìpẹ̀ fún òun. Ṣùgbọ́n alàgbà ìjọ ni bàbá rẹ̀, kò gbà kí wọ́n pe orúkọ Ifá nínú ilé òun. Ìyá nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nídìí ààrò. Kò sí ẹnì kan ní Sókótó tó mọ̀ ọ́n lórúkọ náà àyàfi èmi, n kò sì pè é rí. Ìyàwó kì í pe orúkọ ọkọ.

"Ohùn ọkọ̀ kò ní ọ̀rọ̀ nínú," mo ní. "Bó ṣe lè jẹ́ orúkọ yẹn náà ló lè jẹ́ búrẹ́dì."

Ó tún tẹná. Mo rí i tí ètè rẹ̀ ń là, bí ọmọdé tó fẹ́ dá ìyá rẹ̀ lóhùn. Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ̀ pé bí òkú bá pe èèyàn, a kì í dáhùn, nítorí ẹni tó bá dáhùn ti gbà láti tẹ̀ lé e nìyẹn? Búrẹ́dì tí mò ń jẹ wà lọ́wọ́ mi. Mo tì í bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó jẹ ẹ́, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Báyìí ni mo ṣe ń ṣọ́ ọkọ mi. Tó bá ti fẹ́ ṣíná ọkọ̀, mo ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó wá di ọjọ́ kan tí ó bá àwọn olùkọ́ mìíràn lọ sí ìpàdé, mo sì ránṣẹ́ sí Sàní pé kó wá gbé ọkọ̀ náà lọ, kó dá gbogbo rẹ̀ padà sí bí òyìnbó ṣe fi í sílẹ̀.

Nígbà tí mo dé Kofar Doya lọ́sàn-án, ó ti parí. Ìborùn náà wà lórí tábìlì rẹ̀. Eruku gbogbo ọ̀nà Wamakko ló ti gba ibẹ̀ kọjá, síbẹ̀ ó mọ́ tónítóní. Mo fọwọ́ kàn án. Ó rin, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí aṣọ tí ẹni tó sùn ń mí sí.

"Màdáàmù," Sàní wí, ó rọra ń nu ọwọ́ rẹ̀, "wane ne Fadife?"

Ta ni Fadife, ló ń bi mí ní èdè Haúsá. Mo fi Haúsá náà bi í pé ta ló sọ orúkọ yẹn fún un.

"Ọkọ̀ ni. Kí n tó tú u, ó ń pe Fadife, Fadife. Ohùn ìyá àgbà kan ni. Kò dára kí àgbà máa pe èèyàn kí a máa wò ó níran. Mo bá dáhùn bí a ṣe ń dá ìyá ẹni lóhùn. Mo ní, 'Na'am, Inna. Fadife kò sí níbí, èmi Sàní ni mo wà níbí.'"

"Kí ló wá ṣe?"

"Ó dákẹ́."

Sàní kò gbọ́ Yorùbá kankan. Ohùn tó lọ sókè, tó já wálẹ̀, kò lè di orúkọ létí Haúsá, kò sì lè di búrẹ́dì. Ó gbọ́ orúkọ náà gan-an ni, ó sì pè é bí ahọ́n rẹ̀ ṣe lè pè é, nítorí "pẹ̀" kì í rọrùn fún wọn, "fẹ̀" ni wọ́n ń sọ. Ẹ̀rù bà mí. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́, inú mi dùn. Ìpè náà ti rí ẹni dáhùn, kì í sì í ṣe ọkọ mi.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni Kulu, ìyàwó Sàní, wá sílé wa. Ó ní ọkọ òun kì í dáhùn mọ́ tí wọ́n bá pè é, àfi tí kò bá sí ẹnikẹ́ni nítòsí ni yóò máa sọ pé "Na'am, Inna." Ó ti di ẹrù rẹ̀. Kulu bi wá pé níbo ni Ogomoso, tí ọkọ òun ní òun ń lọ, wà. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń wí.

Tíṣà mú ìborùn náà, tí mo ti gbé padà wálé láti Kofar Doya, a sì jọ tẹ̀ lé Kulu. Sàní jókòó sórí ẹrù rẹ̀ lágbàlá, ara rẹ̀ balẹ̀. Talatu, ìyá tó bí i, wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà, ó sì ń pè é, "Sàní. Sàní." Sàní kò tilẹ̀ wo ibẹ̀.

"Mò ń lọ bá ìyá mi," ó wí fún wa. "Ó ti ń retí mi tipẹ́."

Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó fi Haúsá bi í pé, "Kí ló sọ nípa Fádípẹ̀?"

Ojú àánú ni Sàní fi wò ó.

"Mo bi í, Malam. Ó ní òun kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Sàní wọ ọkọ̀ lọ ní ọjọ́ kejì, Kulu kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn tí Sàní lọ, Tíṣà fúnra rẹ̀ tú sàlẹ́ńsà náà, ó so páìpù gbọọrọ padà, ó fi ìborùn bo fítà. Láti àárọ̀ di ọ̀sán ló ń tẹná, tó ń gbẹ́sẹ̀. Mo dúró lójú fèrèsé, mo tẹ́tí. Ariwo ọkọ̀ lásán ni. Kò jọ búrẹ́dì pàápàá.

Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo ṣe ohun tí n kò ṣe rí. Mo jáde, mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo sì pe ọkọ mi lórúkọ. "Fádípẹ̀," mo ní, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń pè é. Kò yíjú. Mo tún pè é. Mo wá fọwọ́ kàn án léjìká.

Ó pa iná ọkọ̀. Ó wò mí, ó sì wo ẹ̀yìn mi títí dé ẹnu ọ̀nà, bóyá ẹlòmíràn dúró síbẹ̀.

"Adéníkẹ́," ó ní, "ta lò ń pè?"