Ẹni Tó Jẹ Adédàpọ̀

Adédàpọ̀ kú láàárọ̀ ní àdúgbò Trikania nílẹ̀ Haúsá, ó gbẹ bí ẹja pańla, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kan òkú rẹ̀. Oyèdélé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, fẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn yàrá náà, ó yọjú wò ó, ó sì lọ fi bílíìṣì fọ ọwọ́ tí kò fi kan nǹkan kan. Màmá Patience, àbúrò ìyá wọn, nìkan ló wẹ òkú náà.

Ohun tí wọ́n fi mú un nìyẹn. Ta ní ń wẹ irú òkú bẹ́ẹ̀, bí kì í bá ṣe ẹni tó jẹ ẹ́?

"Mayya ce!" làwọn aládùúgbò ń fi Haúsá pariwo. Àjẹ́ ni! Òun ló ba oyún Queen, ìyàwó Oyèdélé, jẹ́. Òun náà ló pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Oyèdélé.

Irọ́ burúkú! Kòkòrò HIV ló wà lára Adédàpọ̀. Ọkùnrin ló fẹ́ràn, Badrudeen, télọ̀ ọmọ Ìlọrin, sì ni olólùfẹ́ rẹ̀. Nílé ìwòsàn ìtòsí, nọ́ọ̀sì kan wo bí Adédàpọ̀ ṣe ń rìn, ó pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá wòran, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Adédàpọ̀ ò padà síbẹ̀ mọ́. Badrudeen ló ń lọ gba oògùn àwọn méjèèjì ní Barakallahu, lódìkejì ìlú, níbi tẹ́nikẹ́ni ò ti mọ̀ wọ́n. Màmá ló ń bá wọn tọ́jú oògùn náà sí yàrá rẹ̀.

Oyèdélé ló tú yàrá Màmá, tó rí oògùn náà. Wòlíì Elijah tí Oyèdélé pè wá gbóòórùn rẹ̀, ó ní ẹyin àjẹ́ ni, wọ́n sun ún. Wọ́n ti Adédàpọ̀ mọ́lé fún ààwẹ̀ ìtúsílẹ̀, wọn ò sì jẹ́ kí Badrudeen wọlé mọ́. Ìtìjú ò jẹ́ kí Adédàpọ̀ sọ ohun tí oògùn náà wà fún. Bó ṣe kú nìyẹn.

Wàyí o, wọ́n pe ìpàdé sí pálọ̀.

"Màmá, ẹ jẹ́wọ́, àbí kẹ́ ẹ kẹ́rù yín kúrò nílé mi lónìí."

"Oyèdélé, èmi tí mo pọ̀n ẹ́?"

Itan adìẹ inú ọbẹ̀ tí Màmá sè wà lọ́wọ́ Wòlíì, ọ̀rá ń ṣàn wọ inú irùngbọ̀n rẹ̀. Ó fi egungun tọ́ka sí Badrudeen tó wá kí wọn kú ẹ̀dùn. "Ẹ̀mí sọ pé àjẹ́ yìí lẹ́nì kejì!"

"Haba!" ni Queen figbe ta. "Kí ni télọ̀ yìí ń bá Dàpọ̀ ṣe ná? Kò níyàwó, Dàpọ̀ náà ò ní!"

Àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í wá igi.

Bí Màmá bá sọ òótọ́, ara rẹ̀ á mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n á lu Badrudeen pa. Wòlíì lá ìka rẹ̀. Màmá wo itan adìẹ náà. Ló bá dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Èmi ni! Ṣé ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ yìí ló jọ àjẹ́ lójú yín? Èmi nìkan ni mo jẹ ẹ́! Mo jẹ ẹ̀dọ̀, mo jẹ ọkàn, mo wá gé ìfun sínú ọbẹ̀ tí Wòlíì ń jẹ yẹn!"

Wòlíì bì gbuu sórí bàtà Oyèdélé. Àwọn ọ̀dọ́ ju igi nù, wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

"Ta ló ní n kẹ́rù?"

"Èmi kọ́, Màmá!" Oyèdélé ti dọ̀bálẹ̀ sínú èébì. "Wòlíì ni! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ!"

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tó bẹ́ẹ̀ láti tú yàrá Màmá. Nírọ̀lẹ́, Badrudeen àtàwọn bíi tirẹ̀ a máa yọ́ wá lo oògùn tí wọ́n kó síbẹ̀. Àwọn aládùúgbò á máa sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lójú fèrèsé pé ẹyẹ àjẹ́ ti ń bà.

Màmá á yọrí síta, á ké bí òwìwí: "Húùù!" Fèrèsé á pa dé, gbà, gbà, gbà.

"Àwọn ọ̀bùn," á wí, á sì yíjú padà. "Badru, omi rèé. Gbé oògùn tìẹ mì."