Kafilat Ní Kí Táìlì Dúró

Ìbínú ni mo kọ́kọ́ bá lójú Kafilat. Ó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù táìlì kan lọ́nà Jùbílì, n'Íkàrẹ́, páálí méjì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń bá ọlọ́jà jà.

"Funfun kan náà lẹ pè é! Ẹ wo eléyìí, ó rí bí eyín amusìgá!"

Mo dá sí i. Mo ní kó wo nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ páálí: bí nọ́ńbà bá ti yàtọ̀, ọjọ́ tí wọ́n sun ún nílé iṣẹ́ yàtọ̀, àwọ̀ rẹ̀ kò ní bára mu.

"Ta ló bi yín?" Ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin. Lẹ́yìn náà ó tẹjú mọ́ nọ́ńbà. "Ó dáa, ẹ wá bá mi yan òmíràn."

Bí ìfẹ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Èmi Múrítàlá, táìlì ni mo ń lẹ̀, èmi ni mo sì kọ́ ara mi. Òun, ọmọ Ọ̀kà, oúnjẹ ló ń sè tà. Lọ́dún kejì, àwọn òbí rẹ̀ gbà fún mi, a dá ọjọ́ nikai, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún ilé ìdáná wa ṣe.

A to àwọn táìlì gbọọrọ tí a rà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìfi gọ́ọ̀mù sí i, kó lè fojú rí i kó tó yàn. A tò ó bí imọ̀ ọ̀pẹ. Ó ní òòyì ń kọ́ òun. A fi wọ́n dùbúlẹ̀ bíi búlọ́ọ̀kù, kí oríkèé èyí bọ́ sí àárín ìyẹn. Ó mirí. Nígbà tí a dá wọn dúró ní òòró, tí ọ̀kan gun orí ìkejì ṣánṣán, ó pàtẹ́wọ́.

"Èyí ni, ìfẹ́ mi. Àjà ibí kúrú, èyí á gbé e sókè. Ṣebí èmi ni màá wà níbẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́."

Títò bẹ́ẹ̀ kì í bo àṣìṣe. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi rẹ́ ògiri náà kó lè gún.

Láàárọ̀ tí mo fẹ́ lẹ̀ wọ́n, Àǹtí Àbẹ̀kẹ́ dé, ẹ̀gbọ́n mi tó tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wa.

"Táìlì wo ló ń nàró bí ọlọ́pàá ojú ọ̀nà? Fi wọ́n dùbúlẹ̀ bíi ti gbogbo ayé."

"Àǹtí mi, Kafilat ló yàn án."

"Ìyàwó tí ò tíì wọlé? Èmi náà, ọkọ rẹ̀ ni mí. Ọkọ ló ń yan ohun tó wà nílé."

Mo po gọ́ọ̀mù. Mo fi wọ́n dùbúlẹ̀. Mo ti lẹ ìlà mẹ́fà nígbà tí Kafilat wọlé.

"Kí nìyí?"

"Kafi, ṣe sùúrù. Àǹtí ló..."

"Sùúrù! Sùúrù rẹ yẹn, ojo ni, Múrí! Ká ní o pè mí lórí fóònù, ká jọ jà, kò ní dùn mí tó báyìí. Ṣé bí ilé wa ṣe máa rí nìyí? Wàá bi mí, màá dáhùn, wàá wá ṣe tẹlòmíràn?"

Àǹtí bọ́ síwájú. "Ìyàwó, ojú ọkọ rẹ lo ti ń sọ̀rọ̀ yẹn o."

"Ẹ má bínú, ọkọ mi. Ṣé ẹ̀yin náà lẹ máa wá rokà níbẹ̀?" Ó yíjú sí mi. "Mo ń padà s'Ọ́kà. Màá ní kí bàbá mi dá nikai dúró."

Ó jáde lọ dúró de ọ̀kadà.

Inú bí mi sí Kafilat. Ó bí mi sí Àǹtí. Ó wá bí mi sí ara mi jù. Mo fìka tẹ gọ́ọ̀mù: kò tíì gbẹ. Bó bá pẹ́ díẹ̀ sí i, á di òkúta. Mo ki irin bọ abẹ́ táìlì àkọ́kọ́, mo ṣí i.

"Múrítàlá! Lójú mi?"

"Lójú yín ni, mà. Mo mọ̀ pé ó dùn yín. Ẹ foríjì mí."

"Kí n má wá síbi nikai nìyẹn."

Táìlì kan fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. N kò dúró. Àǹtí gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Kafilat ti gbọ́ ariwo. Ó padà wọlé, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ń fọ àwọn táìlì nínú garawa.

"Mo ṣì ń bínú o."

"Mo mọ̀, olólùfẹ́ mi. Níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?"

Kò wojú mi. Ó fìka tẹ àárín ògiri.

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́ ò wá síbi nikai wa lóòótọ́. Mo wo ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí títí.

Kafilat wá.