Agbẹjọ́rò Lórí Bẹ́ńṣì Àkọ́kọ́

"Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n sún sẹ́yìn, ẹ jọ̀ọ́! Ṣé èmi ló yẹ kí n jókòó ti àwọn tí kò tíì lè kí èèyàn lédè Gẹ̀ẹ́sì?"

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ níwájú gbogbo kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì tí mo ń kọ́. Mo ti sọ ọ́ títí ẹnu fi fẹ́ẹ̀ bó mi pé ilé ni mo ti ń jẹ́ àǹtí, olùkọ́ ni mí ní yunifásítì. Ó gba etí ọ̀tún rẹ̀ wọlé, ó gba ti òsì jáde. Ìmọ̀ òfin ló ń kọ́, ọ̀rọ̀ ńláńlá kì í sì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ni wọ́n ṣe ń pè é ní Agbẹjọ́rò. Ṣùgbọ́n bí ó bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì àfẹnusọ, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á kọjá lọ, òun á sì tún ọdún kan náà ṣe. Ìyá rẹ̀ kì í sùn nítorí ẹ̀.

Bí mo ṣe ń kọ́ wọn ní gírámà kò le rárá. Àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì àkọ́kọ́ ń fi gbólóhùn kéékèèké sọ ohun tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́. Ẹni tí kò bá kọsẹ̀ mọ́ ni mo ń sún sí ìkejì, kó máa ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá. Báyìí la ṣe ń lọ títí dé bẹ́ńṣì ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ti ń jiyàn. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Agbẹjọ́rò kọtí ikún. Bí mo bá kọjú sí pátákó báyìí, kí n tó yíjú padà, ó ti wà lẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo dá a padà, ó tún lọ. Ọmọ yìí fẹ́ fi ìbínú pa mí!

Nígbà tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀, ọmọbìnrin kan lórí bẹ́ńṣì àkọ́kọ́ pè é. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá ká jọ máa bi ara wa ní ìbéèrè."

"Ìbéèrè ọmọdé yẹn? Tèmi ti wà lórí fóònù." Ọ̀rọ̀ gígùn kan nípa ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ló ń há sórí.

Lọ́jọ́ ìdánwò, bàbá tó ń dán wọn wò ní kí ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ohun tó ṣe láti àárọ̀. Agbẹjọ́rò tún táì ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sílẹ̀. Bàbá rọra bi í pé kí ló jẹ. Ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ni ọ̀gbẹ́ni jẹ! Bàbá tún bi í pé ta ló sìn ín wá síbí. Ó tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn láti òkè. Bó ṣe fìdí rẹmi nìyẹn. Níbi tí mo jókòó sí lẹ́yìn yàrá ìdánwò, ó ń ṣe mí bíi kí n dìde kí n bá a dáhùn, àánú rẹ̀ àti ìbínú sì pa pọ̀ nínú mi. Ọmọbìnrin yẹn wọlé lẹ́yìn rẹ̀, ó fi gbólóhùn kéékèèké dáhùn gbogbo rẹ̀, ó yege.

Nígbà tí a wọlé padà lọ́dún tó tẹ̀ lé e, bẹ́ńṣì àkọ́kọ́ ni mo ti bá Agbẹjọ́rò. Ọmọbìnrin yẹn ti gba bẹ́ńṣì kan bọ́ sí òmíràn títí dé ẹ̀yìn, ó ń jiyàn.

"Kí lo ṣe láàárọ̀ yìí?" mo bi í.

Ó fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn pé òun jí, òun wẹ̀, òun tètè dé. Kò sí àbùkù kankan níbẹ̀.

"Ṣé kí n wá sún sẹ́yìn, Àǹ... Olùkọ́?"

"Jókòó jẹ́ẹ́!"

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan là ń yọ ẹsẹ̀ lábàtà. Ẹni tó bá fo ìbẹ̀rẹ̀, ó di dandan kó padà wá bá a níbi tó fi í sí, nígbà tí ẹgbẹ́ bá ti lọ.