Ohun Tí Fáìzàh Sọ fún Àwọn Alábẹ̀wò

"Fáìzàh, tí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé ojoojúmọ́ la ń gbé ìyá àgbà dìde rìn."

Nọ́ọ̀sì Adérónkẹ́ ló sọ bẹ́ẹ̀, bó ṣe ń tẹ́ aṣọ tuntun sórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn alábẹ̀wò ìjọba ń bọ̀ wá wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àwọn tó rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀ ní ọsibítù náà, n'Íjẹ̀bú-Igbó.

Ìyá Ṣùkúrát, ìyá ìyá Fáìzàh, wà lára wọn. Oko ata rẹ̀ ní Mamu ni àrùn rọpárọsẹ̀ ká a mọ́, ó sì gba ohùn lẹ́nu rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n gbé e dìde. Ìdùbúlẹ̀ sójú kan ti dá egbò sí i nídìí.

Fáìzàh mọ̀. Ṣùgbọ́n Àǹtí Rónkẹ́ yìí kan náà ló ń kọ́ ọ ní Bàọ́lọ́jì de ìdánwò Wáẹ̀kì. Báwo ló ṣe fẹ́ tú àṣírí rẹ̀?

Ìyáàfin Hannah, olórí àwọn alábẹ̀wò, dúró tì wọ́n. "Ọmọ mi, ṣé wọ́n ń gbé ìyá dìde déédéé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ojoojúmọ́ ni."

Obìnrin náà kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó kọjá lọ. Ìyá Ṣùkúrát wo ọmọ ọmọ rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà, ó rọra fa ọwọ́ rẹ̀ kan tó ṣì lágbára kúrò nínú ọwọ́ Fáìzàh, ó sì kọjú sí ògiri.

Fáìzàh sáré bá Ìyáàfin Hannah lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, irọ́ ni mo pa. Ẹ wá wo ìdí ìyá mi."

Wọ́n padà, wọ́n rí egbò náà. Adérónkẹ́ bú sẹ́kún. "Aláìsàn mẹ́rìndínlógún, èmi nìkan! Ẹni tó ń kọ́ wọn ní ìrìn ti lọ láti oṣù mẹ́ta. Ọ̀gá wa ní ká má sọ."

Wọ́n pàṣẹ pé wọ́ọ̀dù náà ò gbọdọ̀ gba aláìsàn tuntun títí wọn yóò fi gba òṣìṣẹ́ sí i. Wọ́n kọ ìwé ìkìlọ̀ fún Adérónkẹ́, kò sì kọ́ Fáìzàh ní nǹkan kan mọ́. Ọmọ náà ń dá ka ìwé rẹ̀, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀.

Nígbà tó di oṣù kejì lẹ́yìn náà, nọ́ọ̀sì méjì dé, àti Samson, ẹni tó ń kọ́ àwọn aláìsàn ní ìrìn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ìyá Ṣùkúrát di irin tí wọ́n fi ń kọ́ ìrìn mú, ó gbé ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Adérónkẹ́ ló dì í mú lápá kejì.

"Inú bí mi sí ọ," ni nọ́ọ̀sì náà wí láì wo ojú Fáìzàh. "Ṣùgbọ́n ká ní o dákẹ́ ni, èmi nìkan ni ǹ bá ṣì wà níbí."

Irọ́ a máa tanná, kì í so. Ẹni tó ṣe wá lóore tọ́ sí ọpẹ́ wa, ṣùgbọ́n ara aláìsàn kọ́ ló yẹ ká fi san án.