Ẹni Tó Ń Sùn Sábẹ́ Igi Dóńgóyárò

Bí òjò bá ti ṣú ní Egan lápá kan Èkó, àwọn obìnrin àdúgbò a máa sáré ká aṣọ lórí okùn. Ti Mọ̀dínátù aránṣọ yàtọ̀. Òun kì í rántí aṣọ rárá. Òkè ló máa ń wò, níbi tí ẹ̀ka igi dóńgóyárò ti tẹ̀ sórí páànù yàrá tí òun, Raheem ọkọ rẹ̀ àti Aasiyah ọmọ wọn ń sùn sí.

Ìjì ńlá tó jà ní Èkó ní oṣù kejì ọdún 2012 ló gbé ẹ̀rù yìí wọ̀ ọ́ lára. Lọ́jọ́ náà, ẹ̀ka igi kan ya lu ilé kan ní òpópónà kejì sí tiwọn, ó fọ́ òrùlé, ó sì dá ìyá arúgbó kan lẹ́sẹ̀. Láti ìgbà náà, bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ pẹ́nrẹ́n lóru, oorun Mọ̀dínátù ti parí nìyẹn.

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìpàdé àdúgbò.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gé igi iwájú ilé wa. Orí wa ló tẹ̀ sí."

Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Baba Ọdẹ́tọ́lá, onílé rẹ̀ tó tún jẹ́ alága ìpàdé, nu omi ẹ̀rín kúrò lójú.

"Ìyá Aasiyah, ẹ̀rù igi ń bà ọ́? Igi tí gbogbo wa ń já ewé ẹ̀ sè fún ibà? Jókòó jàre."

Àáfà Yésúfù, olùkọ́ ilé-kéwú, dá sí i. "Abẹ́ ẹ̀ làwọn ọmọ kéwú mi ń jókòó. Tá a bá gé e, ṣé inú oòrùn ni kí n kó wọn sí ni?"

Wọn ò parọ́. Òjìji igi náà tutù, ó ń gba eruku títì dúró, ó sì dùn ún wò. Àmọ́ kò sí ìkankan nínú wọn tí igi náà tẹ̀ sórí ibùsùn tiẹ̀. Ẹni tó ń jókòó sábẹ́ igi lọ́sàn-án àti ẹni tó ń sùn sábẹ́ rẹ̀ lóru, ojú kan náà kọ́ ni wọ́n fi ń wò ó. Kò sì sẹ́ni tó rò ó pé kí wọ́n ké sí àwọn tó mọṣẹ́ igi, kí wọ́n wá gé ẹ̀ka kan ṣoṣo tó ń dẹ́rù bà á. Ayálégbé ṣáà ni, ta ni yóò gbọ́ tiẹ̀?

Mọ̀dínátù gbé e sínú. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ó dá ọgbọ́n àlùmọ̀kọ́rọ́yí kan. Bátìrì mọ́tò ni Raheem ń ṣe. Láìsọ fún un, Mọ̀dínátù ń bu ásíìdì, omi bátìrì tó ń jó ara, níbi iṣẹ́ ọkọ rẹ̀, ó ń dà á sí ìdí igi náà díẹ̀díẹ̀, níbi tí àwọn tó ń wá àgbo ti bó èèpo rẹ̀. Bí igi bá kú fúnra rẹ̀, ta ni wọn yóò mú?

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ máa fi dé, ewé ti re tán ní apá kan igi náà. Àwọn ará àdúgbò ní ọyẹ́ ló ṣe é. Mọ̀dínátù gbà pé ewu ti ń lọ, ó ti ń rí oorun sùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Títí Ọláníyan, tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ilé-ìwé girama kan ní Igando, wá sí ṣọ́ọ̀bù Mọ̀dínátù níwájú ilé láti wọn búbà tó rán fún un wò. Òjò ti ṣú. Lábẹ́ igi, àwọn ọmọ kéwú gbé wáláà lé ẹsẹ̀, wọ́n ń ké, Aasiyah sì wà láàárín wọn.

Títí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbójú sókè.

"Ìyá Aasiyah, kí ló ṣe igi yìí?"

"Ọyẹ́ ni, Tíṣà."

"Ọyẹ́ kẹ̀? Òjò ti ń rọ̀, gbogbo dóńgóyárò tó kù ti rúwé. Ẹ wo bí èèpo èyí ṣe ń ṣí. Igi yìí ń kú lọ ni o."

"Bó bá tiẹ̀ kú ńkọ́? Ṣebí wàhálà ẹ̀ ti tán nìyẹn."

"Ha! Ibẹ̀ gan-an lẹ ti ṣì í." Títí sún mọ́ ọn. "Igi tó yè, gbòǹgbò ẹ̀ di ilẹ̀ mú. Tí atẹ́gùn bá fẹ́, á tẹ̀, á tún nàró. Èyí tó kú, gbòǹgbò ẹ̀ á jẹrà, ẹ̀ka ẹ̀ á gbẹ. Kò lè tẹ̀ mọ́, dídá ló máa dá. Kò dẹ̀ ní sọ fẹ́ni kankan kó tó wó. Àbí wọ́n da nǹkan sí i ni?"

Mọ̀dínátù yí ojú síta. Ó wo àwọn ọmọ náà. Ewu tó fẹ́ gbé kúrò lórí ibùsùn tirẹ̀, orí ọmọ ọlọ́mọ ló gbé e lé, tòun ti Aasiyah, ọmọ bíbí inú rẹ̀.

Atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé eruku. Bó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Bó bá sọ̀rọ̀, Baba Ọdẹ́tọ́lá lè lé wọn jáde. Ó sáré jáde.

"Àáfà, ẹ kó àwọn ọmọ kúrò lábẹ́ igi!"

"Ẹ fara balẹ̀, òjò ò tíì bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ kó wọn kúrò!"

Àáfà rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rù igi yín ti tún dé."

"Èmi ni mo pa igi yẹn!" Mọ̀dínátù figbe ta. "Ásíìdì ni mo dà sí i! Ó ti kú, ó máa wó!"

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Àáfà. Ó gbá àwọn kéékèèké mọ́ra, Títí àti Mọ̀dínátù ń fa àwọn yòókù, wáláà fọ́n káàkiri. Wọn ò tíì fara balẹ̀ tán ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òdìkejì nígbà tí ìjì já wọlé. Igi náà dá lágbede méjì. Orí ẹní tí àwọn ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀ ló wó lé.

Nínú òjò náà, Àáfà ń pe orúkọ àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ló dáhùn.

Lọ́jọ́ kejì, Títí ké sí àwọn tí ìjọba yàn fún iṣẹ́ igi, wọ́n wá gé ìyókù. Inú ń bí Baba Ọdẹ́tọ́lá gidigidi. "Kí obìnrin yìí kó jáde nílé mi!"

Àáfà Yésúfù dá a lóhùn. "Baba, ó jẹ̀bi, kò sẹ́ni tó ní kò jẹ̀bi. Àmọ́ lọ́jọ́ tó sọ fún wa pé ẹ̀rù ń ba òun, ta nínú wa ni kò fi í ṣe ẹ̀fẹ̀? Èmi náà wà ńbẹ̀."

Baba wolẹ̀, kò sì lé wọn mọ́. Mọ̀dínátù sunkún. Oòrùn ti wọ inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ báyìí, páànù gbóná bí ààrò, ó sì dùn ún pé ọwọ́ òun ló fà á.

Ẹ̀yin ará wa, igi wúlò fún wa ní ìlú tí oòrùn ti mú, tí eruku sì pọ̀ yìí. Ẹ má bó èèpo rẹ̀ yí po, ẹ má sun ilẹ̀ sí ìdí rẹ̀, ẹ má sì da oògùn, iyọ̀ tàbí ásíìdì sí i kí ó lè kú ní ìdákẹ́jẹ́. Bí igi kan bá tẹ̀ sórí ilé yín, ẹ fi tó ìjọba létí kí àwọn tó mọṣẹ́ wá yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà mìíràn, ẹ̀ka kan péré ni wọn yóò gé, ọ̀rọ̀ á sì tán. Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó gé igi. Bí ayálégbé kan bá sì dìde ní ìpàdé yín pé igi ń ba òun lẹ́rù, ẹ má fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ bá a dé yàrá tó ń sùn sí, kí ẹ wo ohun tó ń wò kó tó di ojú lóru.