Ìlà Pupa Létí Odò Virna

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Afra, inú omi Virna ló wà, bàtà rọ́bà rẹ̀ gùn dé itan, ó ń fi ọ̀pá wọn bí odò náà ṣe jìn tó.

"Ọmọbìnrin, kí lo sọ nù síbẹ̀?"

"Ọgbọ́n. Aláwàdà, wá bá mi di ọ̀pá yìí mú."

Ìjọba ló rán an wá pé kó ya àwòrán odò wa: ibi tó ti ń yọ lábẹ́ yìnyín, àwọn ìṣàn mẹ́ta tó ń dà sínú rẹ̀, àti ilẹ̀ tó máa bò mọ́lẹ̀ bó bá kún. Virna ò gùn. Ẹni tó bá jí ní kùtùkùtù á rìn ín tán kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Oṣù mẹ́ta làwa méjèèjì fi rìn ín. Ẹ̀yin náà ti mọ ohun tó fà á.

Mo fẹ́ fi ilé wa yangàn fún un. Mo bá mú un wọ yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí à ń kó wàrà sí, mo fi àmì ẹrẹ̀ hàn án lára ògiri, ibi tí omi dé nígbà tí bàbá mi wà lọ́mọ ọwọ́. Gbogbo ilé etí odò yìí ló ń fi irú àmì bẹ́ẹ̀ ṣe fáàrí. Afra fa tépù yọ, ó wọ̀n ọ́n, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹnu mi ló kó bá mi.

Nígbà tí àwòrán jáde, inú ìlà pupa, ibi tí omi máa bò, nilé wa bọ́ sí. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi yàrá kan kún un mọ́. Bẹ́ẹ̀ Bàbá ti la pákó yàrá tí èmi àti Afra máa gbé.

"Ìyàwó wa," Bàbá ní, "ogún ìṣísẹ̀ péré ni. Sún ìlà yẹn."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Bí mo bá sún ìlà, ta ló máa sún omi?"

"Ó dáa. Ilé tí o kùn ní pupa, o ò ní wọ̀ ọ́ mọ́."

Afra sunkún. Mo bẹ Bàbá títí pé ká kó kúrò níbẹ̀, ó ní ibi tí wọ́n ti gbé òkú bàbá òun jáde ni wọ́n á ti gbé tòun náà.

"Ààyò mi, bá mi lọ," Afra wí níbùdókọ̀.

"Ta ni kí n fi Bàbá sílẹ̀ fún?"

"Mo mọ̀. Ká ní o lè fi wọ́n sílẹ̀ ni, mi ò bá má fẹ́ràn rẹ. Ṣùgbọ́n mi ò lè bímọ sínú ilé yẹn, Veit."

Ọkọ̀ dé, ó wọ̀ ọ́.

Ó di ọdún mẹ́rin báyìí. Ìlú ńlá ni Afra wà, níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ omi gbogbo odò. Bí òjò bá ti ń le lórí òkè, fóònù mi á dún.

"Veit, Virna ti ń ga. Gbé Bàbá jáde."

"Wọ́n kọ̀."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mo wà lọ́dọ̀ wọn."

Kò ní sọ nǹkan kan mọ́, kò sì ní pa fóònù, títí omi á fi fà. Bí ojú ọjọ́ bá dáa, mi ò kì í gbọ́ ohùn rẹ̀ rárá. Kí Ọlọ́run dárí jì mí: láràárọ̀ ni mò ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé pupa yìí, tí mò ń wo òkè, tí mò ń bẹ̀bẹ̀ pé kí òjò rọ̀.