Fọ́tò Ìbejì ní Jeppestown

Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí ni mo po kẹ́míkà náà, ọwọ́ mi yìí náà ló ya fọ́tò náà. Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá òótọ́ ni. Ì bá wù mí kó jẹ́ irọ́.

Ọdún 1993 ni. Mò ń ya fọ́tò adúró-gbà, èyí tó ń jáde lójú ẹsẹ̀, nínú yàrá kan ní Jeppestown, ní gúúsù Áfíríkà. Àwọn fíìmù tí mo rà ti pẹ́ nílẹ̀, kẹ́míkà inú wọn ti gbẹ. Mo wá ń po tèmi: sódà tí wọ́n fi ń se ọṣẹ, háípò tí kì í jẹ́ kí àwòrán ṣá, oògùn tó ń mú àwòrán jáde, àti ṣitáàṣì kó lè ki bí ẹ̀kọ. Inú kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣókùnkùn ni mo ti ń fi í sínú fíìmù. Ó máa ń ṣiṣẹ́. Mo tiẹ̀ ń fi ṣe fáàrí.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, àbúrò mi, Fadékẹ́mi, mú ọmọ rẹ̀ wá. Táyé ni, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ibà ti mú Kẹ́hìndé, ìkejì rẹ̀, lọ níbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ìyá wa n'Iléṣà sì fẹ́ rí àwọn méjèèjì nínú fọ́tò kan. Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é nílé: a ó ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, kó dúró fún ara rẹ̀, kó sì dúró fún ìkejì rẹ̀.

Mo fi páálí bo ìdajì ojú kámẹ́rà, mo ya Táyé sápá ọ̀tún. Fadékẹ́mi wọ aṣọ Kẹ́hìndé fún un. Mo bo ìdajì kejì. Ọmọ náà bú sẹ́kún, kò gbójú sókè. Mo bẹ̀ ẹ́ títí.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe. Mo ní, "Kẹ́hìndé! Wo Ọ́ńkù!"

Ẹkún dá. Ariwo táksí níta náà dá, àbí etí mi ló di. Ó gbójú sókè. Mo yà á.

Mo fa fíìmù jáde, mo ka ọgọ́ta, mo ṣí i. Ọmọ méjì ló wà níbẹ̀. Tọ̀tún ń wolẹ̀. Tòsì ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì dá kòtò.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Táyé kì í dá kòtò. Ti Kẹ́hìndé ló máa ń dá a.

"Bọ̀dá mi," Fadékẹ́mi rọra ní, "kí lẹ fi po nǹkan yẹn?"

"Ohun tí mo máa ń fi pò ó ni."

Lọ́jọ́ kẹta, Fadékẹ́mi mú fọ́tò náà àti Táyé padà wá. "Eish, Bọ̀dá mi, ẹ wò ó."

Ọmọ apá ọ̀tún ti ń ṣá. Bí háípò ò bá tó, gbogbo fọ́tò ló máa ń ṣá, kì í yan ìdajì. Táyé náà ò jẹun mọ́. Ara rẹ̀ fúyẹ́ lọ́wọ́ mi. Dókítà ní òun ò rí àìsàn kankan.

Mo fi háípò fọ fọ́tò náà. Kò dúró. Mo po kẹ́míkà tuntun, mo tún ọmọ náà yà, mo ń fi gbogbo ohùn mi pe Táyé. Kò wò mí. Funfun báláú ni fọ́tò náà jáde.

"Ẹ̀yin lẹ pe Kẹ́hìndé wá," Fadékẹ́mi ní. "Ẹ dá a padà."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè wojú àbúrò mi.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, kò sẹ́nì kankan lápá ọ̀tún fọ́tò náà mọ́. Àárọ̀ ọjọ́ náà lọmọ náà dìde, ó ní ebi ń pa òun. Ó jẹ búrẹ́dì, ó mu tíì. Fadékẹ́mi ń sunkún ayọ̀, ó gbé e mọ́ra.

Ọmọ náà wo gbogbo yàrá yíká.

"Mọ́mì," ó ní, "Táyé dà?"

Fadékẹ́mi dì í mú ṣinṣin. Kò sì gbé e sílẹ̀.